Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awọnlẹ̀-Ọ̀yọ́ (ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mò ń ṣe ní ìlú Ọ̀yọ́ láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ sí sọ́féyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn fẹ́ ṣe ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní Career Day, ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi yóò wá ṣàlàyé iṣẹ́ òòjọ́ wọn fún àwọn ọmọ, wọ́n sì fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Láti ìwé karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3 ni àwọn ọmọ tí n óò bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì tó ọgọ́rin.

Mo ti dúró láàárín ìdílé méjì tó ń du ilẹ̀, tí àdá wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹ̀rù kò sì bà mí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń lé oorun lójú mi láti ìgbà tí lẹ́tà náà ti dé. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́rin sílẹ̀: ìtumọ̀ wíwọn ilẹ̀, àwọn ẹ̀ka tó ní, ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, àti àwọn ìwé ẹ̀rí tí mo gbà. Mo fún ìyàwó mi kí ó bá mi kà á. Kò tíì dé ojú ìwé kejì tí oorun fi gbé e lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí. Ṣé kí n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n mi dání, nígbà tó jẹ́ pé owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀ àlòkù? Ṣé Yorùbá ni kí n fi bá wọn sọ̀rọ̀ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Bí ọmọ kan bá sì béèrè iye tí mò ń gbà lórí púlọ́ọ̀tì kan, kí ni kí n dá a lóhùn?

Olùkọ́-Fẹ̀yìntì (ọjọ́ Àìkú, 9:25 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Awọnlẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti jókòó gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ìyàwó yín ti dá ẹjọ́ ojú ìwé mẹ́rin yẹn, ẹ má tún gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ mìíràn.

Kí ẹ tó ronú ohun tí ẹ máa sọ, ẹ kọ́kọ́ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé náà. Ẹ béèrè bóyá inú gbọ̀ngàn ni tàbí abẹ́ igi, ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ṣáájú yín, àti aago tí àwọn ọmọ máa ń jẹun, nítorí pé ẹni tó bá bọ́ sí àkókò tí ebi ń pa ọmọ, orí òfìfo ló ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tó bá pa ti ìṣáájú lẹ́rìn-ín yóò ti ti ìkẹyìn lójú. Ìgbà kan wà tí àlejò kan bá wa sọ̀rọ̀ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú oòrùn lórí bí òun ṣe di ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ òun. Ọmọ méjì ló dákú kúrò lórí ìlà. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù tó lè sọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe fún mi ní ọjọ́ kejì.

Ẹ ní kí olùkọ́ wọn gba ìbéèrè lọ́wọ́ wọn sínú ìwé pélébé ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ tí kò lè nàka láàárín ọgọ́rin ènìyàn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn nǹkan tí wọ́n máa bá pàdé nínú ìdánwò. Ní ti owó, ẹ sọ pé ó ń gbọ́ bùkátà, kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ má sì pín súìtì o. Ní kété tí wọ́n bá ti rí ọ̀rá súìtì, ìpàdé ti tú.

Bíríkìlà-Owódé (ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́)

Mo júbà Olùkọ́, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ọmọ tó ń gbé ọsàn lórí lẹ́yìn ilé ìwé ti mọ iye tí kọ́ńgò gààrí ń lọ. Bí a bá sọ fún un pé “ó ń gbọ́ bùkátà,” ó mọ̀ pé a ń fi nǹkan pamọ́ ni. Wọ́n pe èmi náà sí ilé ìwé ọmọ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn dókítà àti lọ́yà, àwọn ọmọ kan sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní bíríkìlà ni mí. Mo sọ fún wọn pé ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ tí oúnjẹ nìkan ni ọ̀gá mi ń fún mi, pé owó ojúmọ́ ni à ń gbà, pé ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ kò sí owó, àti pé síbẹ̀ inú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ni mò ń sùn. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Awọnlẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ olówó iyebíye yẹn sílé. Ẹ mú okùn lọ. Ẹ ta kókó méjìlá sí i lọ́gbọọgba, kí ọmọ mẹ́ta dì í mú di onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún, igun tó ṣe déédéé yóò sì jáde lójú wọn. Bí a ṣe ń mú igun ilé nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé, yàtọ̀ sí èyí tí a kàn kọ sí pátákó.

Ìyá-Agbẹ̀bí (ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi náà wà, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ sọ àṣìṣe tèmi kí ẹlòmíràn má baà tún un ṣe.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí, mo rò pé kí ọ̀rọ̀ lè wọ̀ wọ́n lára, ó yẹ kí n sọ ìtàn òru tó le jù tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ nípa obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, bí a ṣe ń sáré wá ẹ̀jẹ̀ tí a máa fà sí i lára, àti bí ó ṣe yè é ní ìdájí. Lójú tèmi, ìtàn ayọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan ní ìlà kẹta bú sẹ́kún kò sì dákẹ́ mọ́, àṣé orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ olùkọ́ wọn kí n tó lọ, èmi ni mo jẹ̀bi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń lọ sí ilé ìwé, mo máa ń bi olùkọ́ léèrè bóyá ọmọ kan wà tó wà nínú ọ̀fọ̀ tàbí tí nǹkan ṣẹ̀ nílé rẹ̀. Awọnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò yàtọ̀. Láàárín ọgọ́rin ọmọ ní Ọ̀yọ́, kò lè ṣe kó má sí èyí tí ẹjọ́ ilẹ̀ ti tú ilé bàbá rẹ̀ ká. Ẹ fi àwọn ìtàn àdá yẹn sílẹ̀.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé kí n jẹ́ kí wọ́n ka ìlù ọkàn ara wọn. Mo ní kí wọ́n fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, mo fi aago ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún wọn, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fò sókè nígbà ogún, wọ́n sì tún un kà. Ariwo máa ń sọ, ṣùgbọ́n ariwo iṣẹ́ ni. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ní nọ́ńbà tiwọn lọ́wọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń sọ pé ọkàn ọmọ inú oyún máa ń lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, tí n óò sì yọ ìwo kékeré tí a fi ń gbọ́ ọ lára ìyá jáde látinú àpò. Ká ní mo kọ́kọ́ yọ ìwo náà ni, ohun ìṣeré ni wọ́n ì bá pè é. Nítorí náà mo gbè sẹ́yìn Bíríkìlà lórí okùn, mo sì gbè sẹ́yìn Olùkọ́ lórí súìtì.

Akẹ́kọ̀ọ́-Awọnlẹ̀ (ọjọ́ Ajé, 1:10 ọ̀sán)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wíwọn ilẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí ni mí, èyí tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908, obìnrin sì ni mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, mo fẹ́ tún ibì kan ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àlàfo méjìlá ni a nílò. Bí a bá ta kókó méjìlá sórí okùn tí orí rẹ̀ méjèèjì wà lọ́tọ̀, àlàfo mọ́kànlá ló máa wà láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ kan yóò sì kúrú. Kókó mẹ́tàlá ni kí wọ́n ta, kí àkọ́kọ́ àti ìkẹtàlá pàdé ní igun kan náà; tàbí kí wọ́n so orí okùn méjèèjì pọ̀ di òrùka, nígbà náà ni méjìlá tó. Bí àlàfo kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà kan, igun náà yóò tóbi tó kí gbogbo kíláàsì rí i.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kan fún ọgọ́rin ọmọ túmọ̀ sí pé ọmọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin ń dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣáà rí i, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ní yanrìn, torí pé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ máa ń yọ̀ lórí táìsì, kí ẹ sì fi ènìyàn kan ṣọ́ ọ. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi awò rẹ̀ wo oòrùn láéláé; ó lè ba ojú jẹ́ títí ayé. Téèpù ìwọ̀n mẹ́rin àti ọ̀pá aláwọ̀ pupa àti funfun wúlò ju ẹ̀rọ náà lọ níbẹ̀. Bí ilé ìwé náà bá ní pápá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wá wo bí ìṣirò méjèèjì ṣe jìnnà síra. Pápá bọ́ọ̀lù ìdíje àgbáyé sábà máa ń jẹ́ 105 mítà sí 68 mítà, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 7,140. Ó ju éékà kan lọ, kò sì tó hẹ́kítà kan. Bí a bá sì fi púlọ́ọ̀tì 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 pín in, ó lé díẹ̀ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ ló ti gbọ́ “púlọ́ọ̀tì kan” lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ti rí bó ṣe fẹ̀ tó.

Èyí tó kù: ọmọbìnrin kan máa béèrè bóyá obìnrin lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè, ẹ fúnra yín sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi títí mo fi dé SS 2, nígbà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Físíìsì nù. Kí ẹ jẹ́ kí àwọn JSS 3 mọ̀ pé Ìṣirò, Físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì kò ṣeé sọ nù fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, pé Jọ́gíráfì sì máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n máa yan ẹ̀ka.

Awọnlẹ̀-Ọ̀yọ́ (ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fa ojú ìwé mẹ́rin náà ya. Mo lọ sí ilé ìwé náà lónìí, ọ̀gá wọn sì ti gbà láti pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà iṣẹ́ mi ti di ìlọ́po méjì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùkọ́ fún ìyẹn náà.

Nǹkan méjì ló sọ sí mi lọ́kàn. Èkíní, kí n fi pèrègún bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ń gbin pèrègún sí ààlà oko, wọ́n sì ń fi iye ebè mọ bí oko ṣe tóbi tó, kí òpó kọnkéré tó dé. Ọmọ tó bá ti rí pèrègún lóko bàbá rẹ̀ àgbà ti mọ ìdajì iṣẹ́ mi. Èkejì, Herbert Macaulay. Olóṣèlú ni àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sí nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, pé láti ìlú Òṣoògùn ní ìpínlẹ̀ wa níbí ni ìran wọn ti ṣẹ̀, kí n sì fi owó tí àwòrán rẹ̀ wà lórí rẹ̀ hàn wọ́n.

Olùkọ́-Fẹ̀yìntì (ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Ọmọ ọmọ ni, kì í ṣe ọmọ. Ìyá Macaulay ni ọmọ Crowther. Ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ́ iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890. Bébà náírà kan ni mo mọ̀ pé ẹ ń sọ, àwọn ọmọ yín kò sì tíì rí i rí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó kù nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ mú un lọ, nítorí pé owó tí kò ra nǹkan kan mọ́ máa ń ya ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta péré ni kí ọ̀rọ̀ Macaulay jẹ́, kí ó má di ẹ̀kọ́ ìtàn. Pèrègún dára jù ú lọ. Ẹ gé ewé rẹ̀ dání.

Bíríkìlà, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lórí owó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mò ń sá fún ni kí ọmọ máa fi iye owó to àwọn àlejò bí ẹni to bọ́ọ̀lù, kí ó ní dókítà ló ṣe ipò kìíní. Ọ̀nà tí ẹ gbà sọ ọ́, tí ẹ mẹ́nu ba òjò àti ọdún mẹ́ta tí kò sí owó, èyí yàtọ̀. Mo gbà á. Iye gan-an ni mi ò tíì gbà.

Bàbá-Ìbejì-Àwẹ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Òbí lásán ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọmọ kankan níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé “iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe?” Àlejò kan bi ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní ìbéèrè yìí ní ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà parọ́, ó ní ṣọ́jà ni mí, ó sì wá ń bẹ̀rù láti jẹ́ kí n wá mú òun ní ilé ìwé fún odidi táàmù kan.

Afíngbá (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 àárọ̀)

Igbá ni mo ń fín ní Ọ̀yọ́. Bí mo bá ń lọ bá àwọn ọmọ, igbá tí mo bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé jáde, èyí tí ọ̀bẹ yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n á ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀gá Awọnlẹ̀, ǹjẹ́ ẹ ti wọn ilẹ̀ kan rí tí ìṣirò rẹ̀ kò bára mu?

Bíríkìlà-Owódé (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:45 ọ̀sán)

Kókó mẹ́tàlá ni o, àbúrò wa obìnrin jàre mi. Èmi fúnra mi kì í ta kókó, téèpù ni mo ń lò, ìdí tí mo fi ṣì í kà nìyẹn. Ní ti iye owó, mi ò tíì yí ohùn padà. Ọmọ tó bá béèrè, kí a dá a lóhùn.

Awọnlẹ̀-Ọ̀yọ́ (ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti lọ, mo ti dé. Ewé pèrègún ni mo fi wọlé fún àwọn kékeré, mẹ́fà nínú wọn ló sì nàka kí n tó béèrè ohunkóhun, gbogbo wọn ló ti rí i lóko. Mo fi ìwé sọ́fè àtijọ́ kan hàn àwọn àgbà, èyí tí mo ti pa orúkọ onílẹ̀ rẹ́ lára rẹ̀, tí mo ti fi 6 kọ ibi tó yẹ kí n kọ 9, kí ọ̀gá mi tó rí i. Afíngbá, òótọ́ ni ẹ sọ: gbogbo wọn ló na ọrùn síwájú láti wo àṣìṣe náà. Macaulay gba gbólóhùn mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan béèrè iye tí mò ń gbà, mo sì sọ fún un bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, ohun tí mo ń ná lórí òpó, epo ọkọ̀ àti àwọn tó ń bá mi gé igbó, àti oṣù tí n kò rí iṣẹ́ kankan ṣe. Mi ò dárúkọ iye. Ẹ̀yin méjèèjì lè máa bá ìjà yín lọ.

Ìbéèrè tó dára jù wá láti inú ìwé pélébé, ọmọbìnrin ìwé kẹfà kan ló kọ ọ́: bí olè bá fa òpó ààlà tu, báwo la ṣe máa mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀? Mo sọ fún un pé òpó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, pé ìwé sọ́fè sì ti kọ ibi tí nọ́ńbà náà wà láyé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fa òpó tu kò tíì fa ààlà tu. Ó ní, “Bí ó bá wá jí ìwé náà ńkọ́?” Ìṣẹ́jú méjì ló kù fún mi. Mo dáhùn pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé òun ṣì ní ìbéèrè mìíràn lórí ìyẹn.

Okùn ló gba gbogbo ìyìn. Nígbà tí àwọn JSS rí i pé igun náà jáde láàárín pápá, wọ́n ní kí a gbé e wọ kíláàsì wọn. A gbé e wọlé, a fi lé igun ògiri, kò bá a mu, ó fi ìka mẹ́ta yapa. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìka mẹ́ta náà ni. Olùkọ́ ìṣirò wọn bẹ̀ mí kí n fi okùn náà sílẹ̀ fún òun, mo sì fi í sílẹ̀.

Bíríkìlà-Owódé (ọjọ́ Ẹtì, 6:04 ìrọ̀lẹ́)

Ilé ìwé wo ni ẹ tún sọ pé ó wà nítòsí Àkẹ̀sán yẹn? Kíláàsì JSS tó wà lápá ọ̀tún ni, àbí ti òsì? Mo kàn ń béèrè ni.